Ìpín Ìdókòwò Nínú Ọjà Tí Kò Dúró Sójú Kan: Ìtàn Tí Ó Kan Ará Ìgbẹ́tì

Bí ènìyàn bá dárúkọ ọjà ní Ìgbẹ́tì, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn olúwarẹ̀ ni igbá ẹ̀gúsí, àpò èlùbọ́, ìrù, òrí, àti ewúrẹ́ tí a so mọ́ ìdí igi. Ọjà tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí kò ní igbá, kò ní àpò, ènìyàn kò sì lè fi ọwọ́ kan ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ kí ó fi mọ̀ bóyá ó gbó tàbí kò gbó. Ọjà ìpín ìdókòwò ni. Síbẹ̀, ọjà náà ti wọ ilé àwọn ènìyàn wa. Ó ti sọ ẹlòmíràn di ọlọ́rọ̀, ó ti gbé owó ìfẹ̀yìntì ẹlòmíràn mì káló, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣẹlẹ̀ sí kò sì mọ bí ó ti ṣe ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ó yẹ kí a sọ ìtàn rẹ̀ ní èdè tí a fi ń ná ọjà ilé wa.

Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni ó ń sọ ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀rọ̀ ni ó mú mi dé ibẹ̀. Ẹ wo ohun tí a ń pè ní ìdókòwò. Bí a bá tú u, a ó rí "dá" àti "okòwò" nínú rẹ̀. Bí a bá tún tú "okòwò" gan-an, a ó rí "oko" àti "òwò". Ẹni tí ó dókòwò dá oko òwò, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti ń dá oko iṣu. Ọ̀rọ̀ kejì ni "ìpín". Ìpín ni ohun tí a pín kan ènìyàn, ìbáà ṣe ẹran, ìbáà ṣe ogún; ìpín kan náà sì ni Yorùbá ń pe ohun tí ẹ̀dá yàn láti ọ̀run wá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí pé nínú ìtàn yìí, àwọn kan fi ojú oko wo ìwé ìpín wọn, àwọn kan sì fi ojú ìpín ọ̀run wò ó, bí ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè tún ṣe. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì já sí kò rí bákan náà.

Ìgbẹ́tì wà ní ìhà àríwá Òkè-Ògùn. Òun ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọlọ́runsògo ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn òkè àpáta ńláńlá ni ó wà káàkiri àyíká rẹ̀, òkúta mábù tí wọ́n ń wà níbẹ̀ sì ti mú kí orúkọ rẹ̀ hàn dé ọ̀nà jíjìn. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa. Òjò rẹ̀ kò pọ̀ tó ti igbó kòkó. Ó lè pẹ́ kí ó tó dé, ó sì lè tètè lọ. Àgbẹ̀ tí ó ń gbé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í gbé gbogbo ọkàn lé ohun ọ̀gbìn kan ṣoṣo. Yóò gbin iṣu sí ibi kan, àgbàdo àti ọkà bàbà sí ibòmíràn. Yóò fi ẹ̀gúsí àti ẹ̀wà sí àárin wọn. Yóò gbin pákí tí ó lè dúró nínú ilẹ̀ di ọdún kejì. Ewúrẹ́ àti àgùntàn yóò sì máa jẹ̀ kiri ẹ̀yìnkùlé. Bí ọ̀dá bá pa àgbàdo, ọkà bàbà a máa fara dà á. Bí iṣu kò bá tà, pákí wà nílẹ̀. Bí àìsàn bá wọlé lójijì, a ó fa ewúrẹ́ lọ sí ọjà. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn ní ìṣirò rẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan, Harry Markowitz, ni ó gbé ìṣirò náà kalẹ̀ nínú ìwé ní ọdún 1952, tí ó fi hàn pé ẹni tí ó bá pín owó rẹ̀ sí oríṣiríṣi ìdókòwò tí kì í ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà ti dín ewu kù. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 1990. Mo kí i kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà kì í ṣe àjèjì ní oko Ìgbẹ́tì.

Ọjà ìpín fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní ọdún 1602 ni àwọn ará Netherlands dá ilé-iṣẹ́ ńlá kan sílẹ̀ tí yóò máa fi ọkọ̀ òkun ṣòwò ní ìlà-oòrùn ayé, tí wọ́n sì ta ìpín rẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ní Amsterdam. Láti ìgbà náà ni ìwé ìpín ti di ohun tí a lè tún tà fún ẹlòmíràn, láti ìgbà náà sì ni ó ti ń dẹ́rù ba ènìyàn. Ní ọdún 1720 ní London, ìpín ilé-iṣẹ́ South Sea gun òkè láti nǹkan bíi pọ́n-ùn 128 dé nǹkan bíi 1,000, ó sì já wálẹ̀ padà kí ọdún náà tó parí. Ní October 1929, ọjà New York já lulẹ̀, ìyà rẹ̀ sì kárí ayé. Mo mẹ́nu ba ìwọ̀nyí kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àìmọ̀wé ni ó ń fa àdánù. Àwọn tí ó kàwé, tí ó tún kọ̀wé, wà lára àwọn tí ó ṣòfò.

Ní ilẹ̀ wa, ọjọ́ 15 September 1960, nígbà tí òmìnira ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ni a dá Lagos Stock Exchange sílẹ̀. Lára àwọn tí ó fọwọ́ sí ìdásílẹ̀ rẹ̀ ni Olóyè Theophilus Adébáyọ̀ Doherty, Akíntọ́lá Williams tí í ṣe aṣèṣirò owó, Sir Louis Odumegwu Ojukwu, Alhaji Shehu Bukar, àti ilé-iṣẹ́ John Holt. Ní ọjọ́ 25 August 1961 ni wọ́n ṣí ọjà náà gan-an, ohun tí ó sì wà lórí àtẹ kò ju oríṣi 19 lọ. Ní ọdún 1977 ni orúkọ rẹ̀ yí padà sí Nigerian Stock Exchange. Kàdúná ní ẹ̀ka ní ọdún 1978. Ìbàdàn kò ní tirẹ̀ títí di ọdún 1990. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni ọjà náà fi wà kí ó tó ní ilẹ̀kùn kan tí ará Òkè-Ògùn lè kàn láìdé Èkó.

Àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn kò ṣàìmọ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ìpín wọn wà lórí àtẹ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tábà. Àgbẹ̀ ní Ìsẹ́yìn àti àwọn ìlú mìíràn ní Òkè-Ògùn gbin tábà fún Nigerian Tobacco Company, tí ó ní ilé-iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ilé-iṣẹ́ ni ó ń sọ iye tí yóò ra ewé. Bí ọdún bá dára, èrè a gba ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní ìpín lọ. Bí ọdún kò bá dára, ọ̀dá a gba ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní oko. Ní ọdún 2000 ilé-iṣẹ́ náà dara pọ̀ mọ́ British American Tobacco. N kò sọ èyí láti fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Mo sọ ọ́ kí a lè rí i pé ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn ṣiṣẹ́ fún oko òwò, ọ̀tọ̀ ni kí ó ní ẹbè kan nínú rẹ̀.

Òfin ni ó kọ́kọ́ ti ìwé ìpín wọ àárin àwọn ọmọ ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1972, ní ayé ìjọba Gowon, àṣẹ kan jáde pé kí àwọn àjèjì ta ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ wọn fún ọmọ Nàìjíríà. Ní ọdún 1977, ní ayé Ọbásanjọ́, wọ́n tún un ṣe, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sún mọ́ iná ni í yá iná. Àwọn tí ó wà ní ìlú ńlá, tí wọ́n ní owó lọ́wọ́, tí bánkì sì mọ̀ wọ́n dáadáa, ni ó ra èyí tí ó pọ̀ jù. Lẹ́yìn ọdún 1988, nígbà tí ìjọba Babangida bẹ̀rẹ̀ sí ta ìpín tirẹ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́, wọ́n polówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì kó fọ́ọ̀mù lọ sí àwọn bánkì káàkiri. Ìgbà yìí ni olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ní ìwé ìpín nínú àpótí.

Bàbá mi àgbà wà lára wọn. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ní Ìgbẹ́tì. Nígbà tí wọ́n di olóògbé, tí àwọn ọmọ wọn ṣí àpótí, wọ́n bá ìdì ìwé méjì níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Nítorí pé èdè ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, èmi ni wọ́n ní kí n wá túmọ̀ rẹ̀ fún ẹbí. Ìdì kìíní jẹ́ ti àwọn ọdún 1990 sí ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2000: ilé-iṣẹ́ ọtí kan, ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan, ti sìmẹ́ǹtì kan, ti oògùn kan. Ìpín díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n rà, 200 níhìn-ín, 500 lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn ìwé kọ̀ọ̀kan ni Bàbá ti fi Yorùbá kọ ọjọ́ tí wọ́n rà á, iye tí wọ́n rà á, àti ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn ti ọṣẹ, wọ́n kọ ọ́ pé: "Olówó àti tálákà ni ó ń fọṣọ." Ìdì kejì jẹ́ ti ọdún 2007. Bánkì ni gbogbo rẹ̀, iye rẹ̀ pọ̀, ìwé gbèsè sì wà láàrin wọn láti ọ̀dọ̀ bánkì kan tí ó yá Bàbá ní owó láti fi rà á. Mo yí ìwé wọ̀nyí padà. Kò sí ohunkóhun lẹ́yìn wọn.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ láàrin ìdì kìíní àti ìdì kejì? Ìdáhùn náà wà nínú ìtàn ilẹ̀ wa. Ní July 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, pàṣẹ pé kí owó ìpìlẹ̀ bánkì kọ̀ọ̀kan kúrò ní bílíọ̀nù náírà 2, kí ó di bílíọ̀nù 25 kí ọdún 2005 tó parí. Bánkì tí ó jẹ́ 89 di 25. Láti rí owó náà, wọ́n jáde lọ bá gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n wá ra ìpín. Àwọn tí ó tètè rà jèrè, èrè wọn di ìròyìn, ìròyìn náà sì di ìpolówó. Láìpẹ́, àwọn bánkì bẹ̀rẹ̀ sí yá ènìyàn ní owó láti fi ra ìpín, nígbà mìíràn ìpín bánkì tí ó yá wọn lówó náà gan-an. Ẹ gbà mí láyè kí n fi oko sọ ọ́: ẹni tí ó ń ta èso iṣu fún ọ ni ó yá ọ lówó láti rà á, ó sì tún ń sọ fún ọ pé owó iṣu kò ní wálẹ̀ mọ́ láéláé.

Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n fi ń mọ bí gbogbo ọjà náà ti ń lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti 100 ní January 1984. Ní ọjọ́ 5 March 2008, ó ti dé 66,371. Orí òkè náà nìyẹn. Nígbà tí ọdún 2008 parí, ó ti wálẹ̀ dé 31,450. Nígbà tí ọdún 2009 parí, 20,827 ni. Ẹni tí ó ní náírà 100 lórí òkè kò ní ju nǹkan bíi 31 lọ mọ́. Ohun tí ó fà á ju ẹyọ kan lọ. Wàhálà owó ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn àjèjì sì ń kó owó wọn padà sílé. Iye epo rọ̀bì já. Àwọn bánkì wa bẹ̀rẹ̀ sí béèrè gbèsè wọn, àwọn tí ó jẹ gbèsè sì ń fi ìbẹ̀rù ta ìpín. Bí wọ́n ti ń tà ni iye ń wálẹ̀, bí ó ti ń wálẹ̀ ni gbèsè ẹlòmíràn tún ń dé. Ní August 2009, Sanusi Lamido Sanusi tí ó rọ́pò Soludo yọ àwọn ọ̀gá bánkì márùn-ún, ó sì fi bílíọ̀nù náírà 420 sí àwọn bánkì náà kí wọ́n má baà dojú dé. Ní August 2011, wọ́n gba ìwé àṣẹ Afribank, Bank PHB àti Spring Bank. Owó àwọn tí ó fi owó pamọ́ síbẹ̀ kò ṣòfò, nítorí bánkì tuntun gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ìpín kò rí kọ́bọ̀. Ẹni tí ó fi owó pamọ́ ni bánkì jẹ ní gbèsè. Ẹni tí ó ra ìpín ni ó ni bánkì, bí oko bá sì jóná, olóko ni ó ṣòfò. Ìyàtọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n fún ní fọ́ọ̀mù kò rí ẹni ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́.

Ìdì kejì nínú àpótí Bàbá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ níye lórí mọ́. Ohun tí ó dunni jù ni pé gbèsè rẹ̀ kò kú pẹ̀lú rẹ̀: ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń yọ ọ́ nínú owó ìfẹ̀yìntì wọn. Ìdì kìíní ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti bí ọmọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ ti fi ìpín ọ̀fẹ́ kún un lẹ́ẹ̀mélòó kan, gẹ́gẹ́ bí ìyá aláta ti ń fi ẹ̀ènì sí i fún oníbàárà. Ṣùgbọ́n àwọn èrè ọdọọdún wà nílẹ̀ láìgbà, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ tí Bàbá ti fẹ̀yìntì ni wọ́n ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí. Kí ẹbí tó lè rí i gbà, wọ́n ní láti gba ìwé àṣẹ ogún ní ilé ẹjọ́, wọ́n ní láti kọ̀wé sí àwọn tí ó ń tọ́jú ìwé orúkọ, kí a sì gbé ìpín inú ìwé sínú àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà. Ó ju ọdún kan lọ. Irú rẹ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ yìí: èrè tí àwọn onílé kò wá gbà ti ju bílíọ̀nù náírà 100 lọ. Lábẹ́ òfin ìnáwó ti ọdún 2020, èyí tí ó bá pé ọdún mẹ́fà láìgbà yóò lọ sí àpò àkànṣe kan lọ́dọ̀ ìjọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé onílé ṣì lè béèrè rẹ̀.

Ọjà ń ṣubú, ọjà ń dìde. Ní March 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá jáde; ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún náà parí, òṣùwọ̀n náà ti fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju bí ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ. Èlé tí ìjọba ń san lórí owó tí ó ń yá ti já púpọ̀, owó kò sì rí ibòmíràn gbà. Ọdún 2023 ni ọjà tó padà kọjá ibi tí ó dé ní March 2008: ọdún 15 gbáko. Ní January 2024, ó kọjá 100,000, àwọn ènìyàn sì ń yọ̀. Ó yẹ kí a yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò sí ayọ̀ náà. Ní ọdún 2008, nǹkan bíi náírà 118 ni dọ́là kan. Ní September 2023, ó ti ju 750 lọ. Bí a bá yọ èrè ọdọọdún kúrò, ohun tí ó padà dé orí òkè ní náírà kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀ ní dọ́là. Àgbẹ̀ tí ó kórè àpò mẹ́wàá lésìí, tí ó tún kórè àpò mẹ́wàá lọ́dún yìí, gbọ́dọ̀ wo bí àpò náà ti tóbi tó.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Bí ó bá rí báyìí, ilẹ̀ ni kí a máa rà, ilẹ̀ kì í sá." Òótọ́ ni pé ilẹ̀ kì í sá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ní ẹjọ́ tirẹ̀, a kò sì lè gé ìdajì ẹbè tà láti san owó ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí ó kù ọ̀la. Owó tí a fi sábẹ́ ẹní náà kì í sá, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n-gógó ń jẹ ẹ́ bí ìkán ti ń jẹ pákó. Kò sí oko tí kò ní ewu. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ mi ni bí a ti ń dá a.

Èkíní, kí a gbin ju ohun kan lọ. Ẹni tí ó ní ìpín bánkì mẹ́fà kò gbin nǹkan mẹ́fà. Nǹkan kan ni ó gbin sí ojú mẹ́fà. Èkejì, kí a má ṣe yáwó láti fi ra ohun tí iye rẹ̀ lè já lọ́la; ẹni tí kò jẹ gbèsè lè dúró de òjò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ gbèsè yóò ta oko ní àkókò ọ̀dá. Ẹ̀kẹta, kí owó oúnjẹ àti owó àìsàn wà lọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí a kì í ti í gbin gbogbo èso tí ó wà nínú àká. Ẹ̀kẹrin, kí a kọ ìdí tí a fi ra nǹkan sílẹ̀ ní èdè tiwa. Bí a kò bá rí ìdí kọ, ó jẹ́ pé ariwo ni a rà. Ẹ̀karùn-ún, kí àwọn ará ilé mọ ibi tí ìwé wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan. Ní March 2024, Báńkì Àpapọ̀ tún pàṣẹ owó ìpìlẹ̀ tuntun: bílíọ̀nù náírà 500 fún bánkì tí ó ń ṣiṣẹ́ dé òkè òkun, ó sì fún wọn títí di March 2026. Àwọn bánkì tún jáde wá bá gbogbo ènìyàn. Lórí fóònù ni ọ̀pọ̀ ti ra ìpín lọ́tẹ̀ yìí, olùkọ́ ní Ìgbẹ́tì sì lè fi àtàǹpàkò rẹ̀ ra ohun tí Bàbá mi àgbà rin ìrìn-àjò kí wọ́n tó rí rà. Ìwé àlàyé rẹ̀ ṣì gùn, Gẹ̀ẹ́sì ni, àwọn ewu rẹ̀ sì wà nínú àwọn ojú-ìwé tí ènìyàn kì í kà.

Níbí ni iṣẹ́ kan àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí. A ń túmọ̀ ewì, a ń túmọ̀ ìtàn àròsọ, ó sì dára. Ṣùgbọ́n bí a bá lè fi Yorùbá tí ó yé ìyá aláta ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin owó tí a fi pamọ́ àti owó tí a fi dá oko òwò, a ó ti gba ẹlòmíràn lọ́wọ́ gbèsè ọdún mẹ́rin. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ọ̀rọ̀ náà jọ, mo sì ti fi ẹ̀ènì àti okòwò ṣe àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó dára ju tèmi lọ, kí ó mú un wá sí ìpàdé.